Igèrè Ni Ẹ̀ Ń Hun, Ẹ Má Pè É Ní Áàpù

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹlòmíì nìkan ni mò ń nàka sí.

Ní 2019, mò ń bá ilé-iṣẹ́ kékeré kan ṣiṣẹ́ ní Yábàá, l'Ékòó. Áàpù tí à ń tà jẹ́ èyí tí àwọn ọmọ fi ń múra ìdánwò àtiwọ yunifásítì sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni fún ọjọ́ méje àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, owó á máa jáde nínú káàdì lóṣooṣù fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé kan, ọ̀gá mi dúró lẹ́yìn àga mi, ó nàka sí ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, “Àbúrò, bọ́tìnnì yìí ti hàn jù. Gbé e kúrò níbẹ̀.”

Bọ́tìnnì tí èèyàn máa tẹ̀ tí kò bá fẹ́ sanwó mọ́ ló ń sọ. Mo bi í pé, “Kí n gbé e lọ síbo, sà?” Ó rẹ́rìn-ín. “Ibi tí wọn ò ti ní tètè rí i.”

Mo gbé e. Iṣẹ́ ogójì ìṣẹ́jú ni. Mo yọ ọ́ kúrò lójú ewé àkọ́kọ́, mo tì í sábẹ́ ibi tí a kọ “Help” sí, mo to ìbéèrè mẹ́jọ síwájú rẹ̀, mo wá fi àwọ̀ eérú kọ ọ́ sórí funfun. Ẹni tó bá tún ṣe wàhálà débẹ̀, fọ́ọ̀mù ló máa bá. Á kọ ìdí tó fi fẹ́ lọ, á fi ránṣẹ́, á sì máa retí ẹni tó máa dá a lóhùn. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi níbi ìpàdé torí pé iye àwọn tó ń kúrò ti wálẹ̀. Inú mi dùn. Mi ò ní parọ́ fún yín.

Ó tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà kí n tó ka lẹ́tà ìyá kan. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, Ìbàdàn ló ń gbé, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló fi káàdì rẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ti ṣe ìdánwò tán. Mo wá ibi tí mo máa tẹ̀ títí, mi ò rí i. Ẹ má bínú, ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Owó ìfẹ̀yìntì ni owó yìí o. Ẹ bá mi pa á.”

Ẹ tún un kà. Ìyá yẹn ń tọrọ àforíjì. Ó rò pé ojú òun ló ṣe é. Ojú rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo gbé nǹkan pamọ́ fún un, tí mo sì gba owó-oṣù lórí rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀: ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀nà àbájáde pamọ́ fún oníbàárà, olè ni. Kì í ṣe ọgbọ́n òwò, kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Àwa tí à ń ya ojú áàpù, àwa tí à ń kọ kóòdù rẹ̀, àwa gan-an la ń na ọwọ́ tó ń jalè.

Ẹni tó bá dàgbà létí odò tàbí ọ̀sà á mọ igèrè. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n hun láti fi mú ẹja ni. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ níta, ó wá ń fún bó ṣe ń wọnú lọ, gbogbo ṣóńṣó igi tí wọ́n fi hun ún sì kọjú sínú. Ẹja á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò sí ohun tó máa gún un. Ìgbà tó bá ní òun fẹ́ padà ló máa tó mọ̀ pé ṣóńṣó igi ń bẹ. Ẹni tó hun igèrè ò gbàgbé láti ṣe ọ̀nà àbájáde sí i. Àìsí ọ̀nà àbájáde gan-an ni iṣẹ́ tó ṣe.

Ẹ wá wo áàpù tó wà lórí fóònù yín báyìí. Láti wọlé, bọ́tìnnì ńlá aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí. Láti jáde ńkọ́? Wọ́n á kọ́kọ́ bi yín pé ṣé ó dá yín lójú. Wọ́n á fi àwòrán ẹni tó ń sunkún hàn yín. Wọ́n á fún yín ní ẹ̀dínwó. Wọ́n á ní kí ẹ sinmi fún oṣù kan dípò kí ẹ lọ. Bọ́tìnnì “Mo fẹ́ dúró” á máa tàn yanran, “Mo fẹ́ lọ” á rí bí ìgbà tí èèyàn fi pẹ́ńsù kọ nǹkan tó tún pa á rẹ́. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ pe nọ́ńbà kan láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ṣé ẹ pe nọ́ńbà kankan nígbà tí ẹ̀ ń wọlé?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ, kì í sì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Ní 2010, ọkùnrin ará Bìrìtìkó kan, Harry Brignull, tóun náà jẹ́ oníṣẹ́ ojú áàpù, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wọ̀nyí jọ, ó sì fún wọn lórúkọ: dark patterns. Ó pe èyí tó rọrùn láti wọ̀ tó sì ṣòro láti jáde nínú rẹ̀ ní roach motel, orúkọ pàkúté aáyán kan tí wọ́n ń tà l'Amẹ́ríkà. Òyìnbó rí aáyán, àwa rí ẹja. Ọ̀kan náà ni.

Ẹ wo Amazon, tó ń gbowó àsansílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Prime láti 2005. Ní oṣù Kẹfà 2023, FTC, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́. Àjọ náà sọ nínú ìwé ẹjọ́ rẹ̀ pé títẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì tó láti wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ gba ojú ewé mẹ́rin kọjá, á tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹfà, á sì yàn láàárín nǹkan mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èyí tó wá dùn mí jù ni orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀nà àbájáde náà láàárín ara wọn: Iliad. Ìtàn ogun àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ni Iliad, ogun tó fa ọdún mẹ́wàá gbáko. Ìyẹn ni pé ẹni tó kọ́ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé ogun lòun ń gbé ka oníbàárà iwájú. Ó mọ̀, ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ó sì lọ jẹun ọ̀sán.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, Amazon gbà láti san bílíọ̀nù 2.5 dọ́là láti parí ẹjọ́ náà: bílíọ̀nù kan fún ìjọba gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn, bílíọ̀nù 1.5 fún àwọn oníbàárà. Wọn ò gbà pé àwọn jẹ̀bi o, ṣùgbọ́n owó jáde. Lára àdéhùn náà ni pé wọn ò gbọdọ̀ kọ “Rárá, mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé ọjà mi wá lọ́fẹ̀ẹ́” sórí bọ́tìnnì mọ́, bí ẹni pé òmùgọ̀ lẹni tó bá tẹ̀ ẹ́. Bọ́tìnnì “rárá” tó hàn kedere ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé síbẹ̀.

Ẹ tún wo Jámánì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2022, òfin wọn ti sọ pé ilé-iṣẹ́ tó bá ń gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ gbé bọ́tìnnì kan síbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fòpin sí àdéhùn. Òfin náà tiẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀: “Fòpin sí àdéhùn níbí.” Ó tán. Kò sí ẹkún, kò sí ẹ̀dínwó.

Mo mọ èsì tí àwọn ọ̀rẹ́ mi á fún mi. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ jẹ́ ká mú un níkọ̀ọ̀kan.

Èkíní: “Òwò là ń ṣe, a gbọ́dọ̀ san owó-oṣù.” Òótọ́ ni. Àsansílẹ̀ fúnra rẹ̀ ò burú. Kò sí kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí ẹni tó ń tún kóòdù ṣe tí kì í jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ wo alájọ. Kí báǹkì tó mọ ojú ọ̀nà àdúgbò wa ni alájọ ti ń gba owó ojoojúmọ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá wa nínú ọjà. Iṣẹ́ àsansílẹ̀ lòun náà ń ṣe. Owó ọjọ́ kan ló máa yọ nínú oṣù, ìyẹn lowó iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo ayé ló sì mọ̀ ọ́n. Bí ìyá kan bá sọ láàárín oṣù pé, “Ọmọ mi ṣàìsàn, mo fẹ́ kó owó mi,” alájọ á yọ tirẹ̀, á ka ìyókù sí i lọ́wọ́. Kò ní ní kí ìyá náà lọ kọ fọ́ọ̀mù. Kò ní sá pamọ́ sẹ́yìn ìsọ̀ ẹlẹ́ran kí wọ́n má baà rí òun. Alájọ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní rí ojú gbowó lọ́jà yẹn mọ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹun lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ogún ọdún.

Ọ̀fẹ́ ọjọ́ méje náà ńkọ́? Ìtọ́wò ni. Ta ni ò mọ ìtọ́wò? Tẹ́ ẹ bá dé ìdí gààrí, ẹ ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ẹ ó sọ pé ó kan tàbí kò kan, ẹ ó sì máa lọ. Èmi ò tíì rí oní-gààrí tó tẹ̀ lé èèyàn délé nítorí ìtọ́wò, tó wá ń yọ owó nínú àpò rẹ̀ lóṣooṣù, tó ní, “Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ò rà.”

Èkejì: “Ṣebí wọ́n fọwọ́ sí i. Ó wà nínú àdéhùn.” Àdéhùn wo? Ewé mẹ́tàdínlógójì tí lọ́yà kọ ní Gẹ̀ẹ́sì tí lọ́yà míì ò lè kà lẹ́ẹ̀kan kó yé e? Òfin Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní FCCPA 2018 sọ pé oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí àlàyé ní èdè tó rọrùn tó sì yéni. Kò sọ pé ká kọ ọ́ ní lẹ́tà tó kéré ju kòkòrò lọ sábẹ́ bọ́tìnnì. Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹni náà ò ní gbà tó bá yé e, tí ẹ wá kọ ọ́ kó má baà yé e, ẹ ò gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jí i gbà ni.

Ẹ̀kẹta: “Iye àwọn tó ń kúrò á pọ̀ jù, àwọn olówó ò ní fún wa lówó mọ́.” Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ bí oníkọ̀ǹpútà sí oníkọ̀ǹpútà. Ká ní ọgọ́rùn-ún èèyàn ló ń sanwó fún yín, ogójì nínú wọn sì ti fẹ́ lọ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àmọ́ wọn ò rí ọ̀nà. Oníbàárà mélòó lẹ ní? Ọgọ́ta ni. Ogójì yòókù, gbèsè ni wọ́n, ẹ kàn kọ wọ́n sábẹ́ èrè ni. Ìwé yín ń parọ́ fún yín. Bí ọjà yín ò bá dáa, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ fi máa tètè mọ̀ ni kí àwọn èèyàn lè lọ. Ẹ ti di ẹnu ẹni tó fẹ́ sọ òótọ́ fún yín, ẹ wá ń pàtẹ́wọ́ pé kò sí ẹni tó ń ráhùn.

Yàtọ̀ síyẹn, ta ló sọ pé wọn ò rí ọ̀nà lọ? Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń ka èyí, mélòó nínú yín ló ti ní kí báǹkì bá òun pa káàdì ATM nítorí áàpù kan? Mélòó ló ti sọ síìmù nù nítorí orin tí wọ́n ń kọ sétí ẹni tó bá pè yín, tí ẹ ò rántí ọjọ́ tí ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́? Mélòó ló ń lo káàdì dọ́là orí fóònù, tó jẹ́ pé iye tó máa tán lónìí gan-an lẹ máa ń fi sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà bá nǹkan kan níbẹ̀ lọ́la? Ẹja wa ti gbọ́n. Ó ti ń gé igèrè jẹ. Ẹni tí ìyà rẹ̀ wá ń jẹ ni ọmọdékùnrin tàbí ọmọdébìnrin tó kọ áàpù tó dáa, tó fẹ́ gba owó tó tọ́. Tó bá ti ní kí èèyàn fi nọ́ńbà káàdì sílẹ̀, ìbẹ̀rù dé. Wọ́n á ní, “Irú wọn kan náà ni.” Ẹ ti ba omi náà jẹ́ fún gbogbo apẹja.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí èmi fúnra mi lò: “Òṣìṣẹ́ ni mí. Ohun tí ọ̀gá ní kí n ṣe ni mo ṣe.” Àwọn àgbà ti dáhùn èyí kí wọ́n tó ṣe kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní ẹni tó gbé epo lájà ò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ọ̀gá mi ò mọ kóòdù kọ. Òun nìkan ò lè gbé bọ́tìnnì yẹn kúrò títí láé. Ó wà lórí àjà, ó nawọ́ epo sísàlẹ̀, ó ń wá ẹni tó máa bá òun gbà á. Èmi ni mo na ọwọ́.

Mi ò sọ pé kí gbogbo èèyàn fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Mo mọ iye tí wọ́n ń ta àpò ìrẹsì. Mo mọ owó ilé. Ṣùgbọ́n àyè wà láàárín kí èèyàn kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ àti kó dákẹ́. A lè béèrè níbi ìpàdé, lójú gbogbo èèyàn, pé, “Kí ló dé tí a fi ń gbé e pamọ́?” A lè ní kí ọ̀gá kọ àṣẹ náà sílẹ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ àṣẹ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń kú tí wọ́n bá ti ní kí ẹni tó pa á fọwọ́ sí i.

Ẹ má sì dúró de ìjọba nìkan. Ní oṣù Kẹwàá 2024, FTC kan náà yẹn l'Amẹ́ríkà ṣe òfin pé jíjáde gbọ́dọ̀ rọrùn bíi wíwọlé. Ní oṣù Keje 2025, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ni ilé-ẹjọ́ kọ̀tẹ́milọ́rùn wọ́gi lé e, wọ́n ní àjọ náà ò tẹ̀ lé gbogbo ìgbésẹ̀ tó yẹ. Nílé níbí, àjọ NCC pàṣẹ ní 2023 pé kí gbogbo ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù máa lo nọ́ńbà kan náà fún iṣẹ́ kan náà, 305 ni wọ́n sì yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ dá iṣẹ́ kan dúró. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ bi ìyá yín bóyá ó mọ 305. Òfin lè dé lónìí kó lọ lọ́la. Àwọn tó ń ya bọ́tìnnì wà níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Kí wá ni mo ní ká máa ṣe? Kò le. Iye ìgbà tí èèyàn tẹ bọ́tìnnì láti wọlé, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ láti jáde. Iye owó àti ọjọ́ tí a máa yọ ọ́, ká kọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì ní lẹ́tà tó tóbi bíi ti bọ́tìnnì náà. Kí ọ̀fẹ́ tó parí, ká fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé, “Lọ́túnla la máa yọ owó o.” Ẹni tí kò bá fọwọ́ kan áàpù fún oṣù mẹ́ta, ká bi í kó tó san ìkẹrin. Tó bá fẹ́ lọ, a lè sọ pé “Ẹ padà wá o” lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ọlọ́jà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni, ká má dì í láṣọ mú.

Lónìí, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì ní áàpù kékeré kan tí àwọn aránṣọ fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà wọn sílẹ̀. Owó rẹ̀ ò tíì pọ̀, mi ò ní sọ fún yín pé a ti kọ́lé. Bọ́tìnnì àbájáde wà lójú ewé kan náà pẹ̀lú bọ́tìnnì ìsanwó. Obìnrin aránṣọ kan ní Òṣogbo kúrò ní oṣù Kejì torí pé ọjà ò yá. Nígbà tó ku bí oṣù kan kí wọ́n ṣe Iléyá, ó padà, ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dání. Mo bi í pé kí ló dé tó fi padà sọ́dọ̀ wa. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n lọ láìjà.”

Ìyá olùkọ́ yẹn ńkọ́? Mo wọ inú database lọ́jọ́ tí mo ka lẹ́tà rẹ̀, mo fọwọ́ ara mi pa á fún un. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan. Owó oṣù mẹ́ta tó ti lọ, ilé-iṣẹ́ ò dá a padà, èmi náà ò sì fi tèmi dí i, bẹ́ẹ̀ mo ní in. Mo kọ lẹ́tà sí i pé a ti bójú tó o. Ó fèsì, ó ṣàdúrà fún mi, ó ní Ọlọ́run á máa là mí lójú.

Bọ́tìnnì náà ṣì wà níbi tí mo gbé e sí lọ́jọ́ tí mo kúrò nílé-iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ báyìí, àti ẹ̀yin tí ẹ wà níbòmíì tẹ́ ẹ mọ irú rẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú ló máa gbà yín. Ẹ gbé e padà síta.